Ọwọ́ Ọmọ Ni Ilé-Ìwé Gbàgbé

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìjókòó.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwé nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1955, mọ síléètì, pátákó dúdú kékeré tí ọmọ ń kọ̀wé sí, dáadáa. Orí rẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń fa ìlà, bí a ṣe ń yí òdo, kí wọ́n tó fún un ní pẹ́ńsù àti ìwé onílà méjì-méjì. Tíṣà á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á bá a fà á. Orí b gbọ́dọ̀ kan ìlà òkè, ìrù g gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Nílé-ìwé kan náà, wákàtí iṣẹ́ ọwọ́ wà. Ọmọ á mú imọ̀ ọ̀pẹ wá, á fi ṣe ìgbálẹ̀, á hun agbọ̀n. Lóko ilé-ìwé, wọ́n ń kọ ebè, wọ́n ń gbin àgbàdo. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ìkọ̀wé àti iṣẹ́ ọwọ́. Ìka tó ti hun agbọ̀n ti gbó, ó mọ ìgbà tó yẹ kó fún nǹkan àti ìgbà tó yẹ kó dẹ̀ ẹ́. Irú ìka bẹ́ẹ̀ ni pẹ́ńsù ń fẹ́. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́ta là ń ki pẹ́ńsù bọ̀ lọ́wọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi, a sì ń bínú pé ìwé rẹ̀ kò ṣe é kà!

Mi ò sọ pé gbogbo ti àná ló dára. Àwọn tíṣà kan sọ ọmọ ọlọ́mọ di alágbàṣe lóko ara wọn. Ó bí òbí nínú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n sábà máa ń kọ́ ní oúnjẹ sísè, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ń jẹun.

Ṣùgbọ́n kí la fi rọ́pò rẹ̀? Nígbà tí ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì) dé ní 1982, ìjọba ra ẹ̀rọ fún Intro Tech, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà dípẹtà sí: kò sí iná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Ní 2011, wọ́n tún fi iṣẹ́ 34 kún ẹ̀kọ́ girama àgbà, títí kan aṣọ rírán, ọ̀sìn ẹja àti títún fóònù ṣe, pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Ohun rere ni. Àmọ́ ilé-ìwé tí kò ní irinṣẹ́ a máa yan èyí tí ṣọ́ọ̀kì nìkan tó fún. Ọmọ á wá máa da nóòtì kọ nípa iṣẹ́ tí kò fọwọ́ kàn rí.

Àwọn kan ń sọ pé orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìdánwò JAMB wà láti 2015, kí la tún ń fi ìkọ̀wé ṣe? Ẹ wo Yorùbá tí ọmọ wa ń tẹ̀ lórí fóònù: kò sí àmì lórí, kò sí lábẹ́. Ẹ gbé bírò fún ọmọ kan náà. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ, àmì kò ní ná an ní nǹkan kan.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ní jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ amọ̀, kó ta ayò, kó gé bébà, kó tó di pẹ́ńsù mú. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ dá wákàtí iṣẹ́ ọwọ́ padà, tọkùnrin tobìnrin. Bó bá sì di ìdánwò, ẹ má ní kó dárúkọ irinṣẹ́ mẹ́rin. Ẹ ní kó rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fà á wò bóyá yóò já.