Ìgbà tí Íńdíà lọ bá Ọsirélíà nílé: ọ̀rọ̀ àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì

(Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn eré ìdárayá ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde káwọn tí ò ráyè wá náà lè kà á. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu mi.)

Ẹ kú ìjókòó o. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá lọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀, kíríkẹ́ẹ̀tì ò fi bẹ́ẹ̀ yé yín, kò burú. Ẹgbẹ́ méjì ni, èèyàn mọ́kànlá mọ́kànlá, àwọn kan ń ju bọ́ọ̀lù, àwọn kejì ń fi báàtì gbá a kí wọ́n lè kó rọ́ọ̀nù jọ, ìyẹn ayò tiwọn, tí wọ́n bá ti lé ẹni mẹ́wàá jáde, ó tán, ẹ jáde káwọn tó kù wọlé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Test, ó lè gbà tó ọjọ́ márùn-ún gbáko, kálukú á wọlé lẹ́ẹ̀méjì, tí ọjọ́ bá sì pé tí wọn ò tíì rí ẹni tó kù lé jáde, ó lè parí sí ọ̀mì lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn.

Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò tí Íńdíà rìn lọ sí Ọsirélíà ní 2020 sí 2021, ìgboyà ló máa ń fi ṣàlàyé ẹ̀, á ní àwọn ọmọ yẹn láyà. Wọ́n láyà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ńṣì tẹ́nì kankan ò mọ orúkọ ẹ̀, ta ló ti ń tọ́jú ẹ̀ kọ́jọ́ tí wọ́n máa pè é tó pé? Ibẹ̀ lèmi fẹ́ ká wò.

Ìjà ti wà nílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀. Ní 2018 sí 2019, Íńdíà lọ ṣẹ́gun nínú ọ̀wọ́ ìdíje Test nílẹ̀ Ọsirélíà, àkọ́kọ́ irú ẹ̀, làwọn onílé bá ní kò kà, pé Steve Smith àti David Warner ò sí ńlé, torí wọ́n ń jìyà lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ sánpépà tí wọ́n fi ha bọ́ọ̀lù ní South Africa. Lọ́tẹ̀ yìí Smith wà ńlé, Warner náà dé nígbà tó di ìdíje kẹta, kò sí àwáwí mọ́.

Ìdíje mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ gbá, Adelaide ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Íńdíà ló tiẹ̀ ń fi rọ́ọ̀nù 53 léwájú. Ó di 19 Disẹ́ńbà, ọjọ́ kẹta, wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ńṣe ni wọ́n ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Josh Hazlewood lé márùn-ún jáde, rọ́ọ̀nù mẹ́jọ péré ló sì jẹ́ kí wọ́n rí lára òun, Pat Cummins lé mẹ́rin. Ẹni tó gbá jù nínú wọn gbá mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó dé mẹ́wàá. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀: 36. Ọsirélíà borí. Íńdíà ò tíì gbá iye tó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí nínú Test, 42 tí wọ́n gbá ní pápá Lord's ní London lọ́dún 1974 làwọn èèyàn ṣì ń fi bú wọn tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù tún dá apá Mohammed Shami. (Ẹ má rẹ́rìn-ín jù o, ní TBS l'Ékòó níbí, ní Nọ̀fẹ́ńbà 2024, ọmọ Nàìjíríà lé gbogbo Ivory Coast jáde sórí 7. T20 nìyẹn ṣá, èyí tó kúrú tí wọ́n ń parí lọ́jọ́ kan, kì í ṣe Test.)

Virat Kohli, kápítẹ̀nì wọn, sì ti gbàyè pé òun ń lọ ilé, ìyàwó òun fẹ́ẹ́ bímọ. Ajinkya Rahane ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tí wọ́n wá ṣe ní Melbourne lèmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde sórí 36, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló yẹ kó kún inú ẹgbẹ́ ẹ̀. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ravindra Jadeja ni wọ́n fi dípò Kohli, ẹni tó ń jù tó tún ń gbá, kí àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù lè pé márùn-ún, torí wọ́n mọ̀ pé téèyàn ò bá lé ogún èèyàn jáde, kò lè borí, kó gbá ẹgbẹ̀rún. Wọ́n tún mú Shubman Gill àti Mohammed Siraj tí wọn ò gbá Test rí. Rahane gbá 112, Íńdíà borí.

Siraj yẹn, bàbá ẹ̀ tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní Hyderabad ló kú ní Nọ̀fẹ́ńbà, nígbà tóun wà ní Sydney tí wọ́n sé gbogbo wọn mọ́ torí kòrónà. Wọ́n ní kó máa lọ ilé, ó ní òun ò lọ. Nígbà tó di Sydney ní Jánúárì, àwọn kan nínú èrò ìwòran tún ń bú u, ó lọ bá kápítẹ̀nì ẹ̀, wọ́n dá eré dúró, wọ́n sì lé èèyàn mẹ́fà jáde ní pápá.

Sydney yẹn kan náà, ọjọ́ tó kẹ́yìn, iṣan ẹsẹ̀ Hanuma Vihari já, kò lè sáré. Ravichandran Ashwin, ẹ̀yìn ń dùn ún débi pé láàárọ̀ ọjọ́ náà kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà, ìyàwó ẹ̀ ló sọ ọ́ síta. Àwọn méjèèjì dúró, bọ́ọ̀lù tó ju 250 lọ, rọ́ọ̀nù 62 péré ni wọ́n fi í kó, ìdúró yẹn gan-an niṣẹ́. Tim Paine, kápítẹ̀nì Ọsirélíà tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tó ń gbá, ń fi ẹnu tọ́ Ashwin láti ẹ̀yìn, ó ní òun ò lè dúró dọjọ́ tí wọ́n máa dé Gabba, pápá tí wọ́n ti máa gbá èyí tó kẹ́yìn, lòun fúnra ẹ̀ bá tún ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ òun. Ọ̀mì ni.

Gabba ní Brisbane, Ọsirélíà ò tíì pàdánù níbẹ̀ láti 1988. Íńdíà wá débẹ̀ láìsí Jasprit Bumrah, àgbà nínú àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, láìsí Ashwin, láìsí Jadeja, Shami, Umesh Yadav, Vihari, gbogbo wọn ló fara pa. T. Natarajan, kó máa ju bọ́ọ̀lù fún wọn níbi tìréènì ni wọ́n ṣe ní kó dúró, òun àti Washington Sundar ló wá gbá Test àkọ́kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn. Shardul Thakur ti gbá ẹyọ kan rí, bọ́ọ̀lù mẹ́wàá péré ló jù níbẹ̀ tó fi fara pa. Èèyàn 20 ni Íńdíà lò láàárín ìdíje mẹ́rin, Rahane àti Cheteshwar Pujara nìkan ló gbá gbogbo ẹ̀.

Wọ́n ti lé mẹ́fà jáde nínú wọn sórí 186, Sundar àti Thakur wá kó 123 pọ̀. Àwọn tí wọ́n kàn fi dí àyè o! Siraj lé márùn-ún jáde nígbà tí Ọsirélíà wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ó di 19 Jánúárì, ọjọ́ tó kẹ́yìn, 328 ni Íńdíà ń wá, ọ̀mì gan-an ì bá tó wọn torí ọwọ́ wọn ni ife táwọn méjèèjì ń dù wà tẹ́lẹ̀. Gill gbá 91. Pujara dúró bí òpó, bọ́ọ̀lù ń bà á lórí akoto, léjìká, níka ọwọ́, kò kúrò, bọ́ọ̀lù 211 ló fi gbá 56. Nígbà tó ti rẹ àwọn tó ń jù, Rishabh Pant wá ń lé rọ́ọ̀nù, 89, wọn ò rí i lé jáde, òun ló gbá èyí tó parí ẹ̀. Ìdíje méjì sí ẹyọ kan.

Ibo làwọn ọmọ yìí ti wá? Láti 2015 ni Rahul Dravid ti ń kọ́ àwọn tí ò tíì pé ogún ọdún, àti ẹgbẹ́ kejì wọn, India A, kó tó di olórí ilé ẹ̀kọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì wọn ní Bengaluru lọ́dún 2019. Pant àti Sundar bá a lọ sí ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní 2016, Gill wà nínú àwọn tó gba ife náà ní 2018. Ọdún 2018 yẹn kan náà ni Siraj fi lé èèyàn mẹ́jọ nínú Australia A jáde ní ìwọlé kan. Ẹ wò ó, ẹni tẹ́ ẹ rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń bá àwọn ará ibẹ̀ fà á tipẹ́. Arábìnrin kan bi mí pé ṣé kì í ṣe owó ni. Owó ni o, kò sí àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì tó lówó tó tiwọn, ṣùgbọ́n owó yẹn náà, wọ́n lè fi gbogbo ẹ̀ ṣìkẹ́ àwọn ìràwọ̀ nìkan.

Ẹ̀gbọ́n kan lẹ́yìn wá ní kí ló dé tí Ọsirélíà fi fi 3 sí 1 lù wọ́n nígbà tí wọ́n padà lọ ní 2024 sí 2025. Ìbéèrè tó dáa. Bumrah nìkan lé èèyàn 32 jáde nínú ìrìn-àjò yẹn, kò sẹ́lòmíì nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ tó sún mọ́ ọn dáadáa, ó wá di Sydney, ìdíje tó kẹ́yìn, ẹ̀yìn ẹ̀ ò gbé e mọ́, kò lè jù nígbà tí Ọsirélíà ń wá 162, wọ́n sì kó o, ẹni mẹ́rin péré ni Íńdíà rí lé jáde nínú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni lórí bẹ́ńṣì tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.