Ẹ má ṣe pín igun dọ́gba: bí a ṣe ń ka polarization pulsar

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ ti mọ pulsar, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró: ìràwọ̀ tó ti kú, tó ń yí bí òkòtó, tí ìgbì rédíò rẹ̀ ń kọjá lójú wa bó ṣe ń yí. Gbogbo ìgbà tó bá kọjá, áńténà wa gbọ́ ìlù kan. Lónìí, ẹ jẹ́ ká fi bí ìlù náà ṣe ròkè tó sílẹ̀. Ìhà tí ìgbì náà ń mì sí ni mo fẹ́ ká wò. Òun ni wọ́n ń pè ní polarization.

Ẹ bá mi mú agboòrùn kan. Ẹ ṣí i, ẹ kọ ṣóńṣó rẹ̀ sí ojú ara yín. Ṣé ẹ rí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà láti ṣóńṣó wá sí etí? Bí ìlà agbára òòfà ṣe ń tú jáde láti ṣóńṣó òòfà pulsar nìyẹn gẹ́lẹ́, àwọn ìlà yẹn ló sì ń darí ìhà tí ìgbì rẹ̀ ń mì sí. Ẹ wá fi ìka fa ìlà tààrà lórí aṣọ agboòrùn náà, láti òsì sí ọ̀tún, kó gba abẹ́ ṣóńṣó kọjá; ipa tí ojú wa ń tọ̀ bí pulsar ṣe ń yí nìyẹn. Ẹ má wo ìka yín o, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Lápá òsì, irin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Ẹ máa bọ̀, ó ń dìde díẹ̀díẹ̀. Ẹ dé abẹ́ ṣóńṣó, fìrì! ó ti nàró, ó ti yí sí ìhà kejì, ó sì tún ń rọra dùbúlẹ̀. Ẹ fi igun àwọn irin yẹn ya àwòrán, lẹ́tà S ni yóò jáde.

Ọdún 1969 ni Radhakrishnan àti Cooke rí S yìí lára pulsar Vela, pẹ̀lú áńténà ńlá Parkes ní Ọsirélíà. Vela ń yí nǹkan bí ìgbà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ inú ìyípo kíákíá yẹn ni irin agboòrùn ti hàn. Bí S bá ṣe yí fìrì tó láàárín, bẹ́ẹ̀ ni ojú wa ṣe sún mọ́ ṣóńṣó òòfà náà tó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí S jáde lójú kọ̀ǹpútà tèmi, òru ti jìn, mi ò sì lè sùn mọ́. Agboòrùn mi ni mo gbé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo ń fi ìka tọ irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó dáa. Ẹ tẹ́tí báyìí, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìnà la dé.

Nọ́ńbà mẹ́rin ni ẹ óò rí gbà láti ara áńténà: I, Q, U, V. I ni gbogbo agbára ìgbì náà. Q àti U ń sọ nípa ìgbì tó ń mì lójú ìlà kan ṣoṣo, V ń sọ nípa èyí tó ń mì yípo. Inú Q àti U ni igun wà. Àmọ́ ìlù kan ṣoṣo kì í sábà lágbára, ẹgbẹẹgbẹ̀rún là ń rò pọ̀. Kí wá ni àwọn èèyàn ń ṣe? Wọ́n á wá igun ìlù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á pín in dọ́gba. Ẹ MÁ ṢE BẸ́Ẹ̀!

Ẹ wò ó. Ìgbì tó ń mì dà bí ọ̀pá tí a kò mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Ẹ yí i po ní dìgírì 180, ọ̀pá yẹn náà ni. Ká ní a ń ka igun láti ìnàró, tí ìlù kan wà ní dìgírì 2, tí èkejì wà ní 178. Àwọn méjèèjì nàró, dìgírì 4 péré ló wà láàárín wọn. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí méjì: 90! Ọ̀pá méjì tó nàró, ẹ wá ní wọ́n dùbúlẹ̀. Q àti U kì í ṣe irú àṣìṣe yìí, torí ìlọ́po méjì igun ni wọ́n ń gbé. 2 di 4, 178 di 356, ọ̀kan lọ́tùn-ún òdo, ọ̀kan lósì rẹ̀. Ẹ rò wọ́n pọ̀, òdo ni wọ́n kọjú sí. Mo tún un wí: Q ÀTI U NI KÍ Ẹ RÒ PỌ̀, KÍ Ẹ TÓ WÁ IGUN! Q lọ́tọ̀, U lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, igun.

Ohun kan ṣì wà kí ẹ tó rò wọ́n pọ̀. Àwọn electron àti agbára òòfà tó wà lójú ọ̀nà láàárín ìràwọ̀ ń lọ́ ìhà ìgbì náà. Faraday rotation nìyẹn. Ẹ fi gígùn ìgbì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi RM (rotation measure, nọ́ńbà tó ń sọ bí ojú ọ̀nà náà ṣe ń lọ́ ìgbì tó) sọ ọ́ di púpọ̀. Bí RM bá jẹ́ 100, tí ìgbì gùn ní mítà 0.2, radian 4 ló lọ́, ó ju dìgírì 220 lọ. Ìgbì tó gùn jù bẹ́ẹ̀ á lọ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ tú u padà ní chánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gígùn ìgbì kọ̀ọ̀kan tí áńténà ń gbọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn chánẹ́ẹ̀lì náà á pa ara wọn rẹ́, ẹ óò sì sọ pé pulsar náà kò ní polarization rárá.

Bí S yín bá sì já lójijì, tó fò ní dìgírì 90, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́! Ọ̀nà méjì ni ìgbì pulsar lè gbà mì, tí wọ́n dábùú ara wọn. Ibi tí agbára wọn ti dọ́gba, polarization á wálẹ̀ sí òdo. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ padà lọ yẹ iṣẹ́ yín wò.

Pulsar tí mo fẹ́ràn jù ni J1906+0746. Ìràwọ̀ mìíràn ni òun àti rẹ̀ jọ ń yípo ara wọn, ó sì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òkòtó tó fẹ́ ṣubú, bí àbá Einstein tí wọ́n ń pè ní general relativity ṣe sọ. Ẹ padà sídìí agboòrùn yín, kí ìka yín gba òkè ṣóńṣó kọjá dípò abẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i? S ti yí pa dà! Ohun tó ṣẹlẹ̀ lára pulsar yìí gan-an nìyẹn: ọdún ń gorí ọdún, ojú wa ré ṣóńṣó òòfà rẹ̀ kọjá, S rẹ̀ sì yí. Desvignes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde ní 2019. Wọ́n ṣírò pé tó bá di nǹkan bí ọdún 2028, ìtànṣán rẹ̀ á yẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa. Yóò ṣì máa yí o, ṣùgbọ́n áńténà wa kò ní gbọ́ ìlù rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.