Olùkọ́ Tí Kò Mọ Ohùn Mi

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi, níbikíbi tí ẹ ti ń gbọ́ mi. Ọmọ àbúrò mi tí ó wà ní kíláàsì kọkànlá níbí ní Maryland ni ó bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá: olùkọ́ wo ni kí òun bẹ̀ kí ó kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún òun sí yunifásítì? Bí a ṣe ń ṣe é kò ṣàjèjì sí yín: ẹ ó forúkọ sílẹ̀ lórí Common App, ìkànnì tí a ti ń fi fọ́ọ̀mù kan béèrè àyè ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, ẹ ó sì tètè bẹ olùkọ́ kí ọlidé ìgbà ooru tó dé, nítorí pé November 1 ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ mọ èsì wọn ṣáájú. N kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ọ̀rọ̀ kan tí olùkọ́ kẹ́místírì sọ fún mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 17 ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún méjì péré ni mo ti dé láti Ìbàdàn nígbà náà. Kò sí ìdánwò kẹ́místírì tí mo ṣe tí n kò gba A, nítorí náà lójú tèmi ọ̀rọ̀ ti parí: ẹni tí ó fún mi ní máàkì tó ga jù lọ ni yóò ròyìn mi dáadáa jù lọ. Mo dúró títí àwọn yòókù fi jáde, mo tẹríba bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ nínú kíláàsì Amẹ́ríkà (ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ná), mo sì bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Mo lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní gùn. Mo mọ ìwé rẹ, n kò mọ ohùn rẹ."

N kò mọ ohùn rẹ! Odidi ọdún kan ni mo fi jókòó níwájú wọn, tí mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń fi ẹnu mi tí mo pa mọ́ bù fún wọn, nítorí pé nílé wa, ọmọ tí kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà ni wọ́n ń pè ní ọmọ tí a kọ́ tó gbà. Ì bá sàn kí wọ́n jágbe mọ́ mi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, òótọ́ sì ni. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, ó sì gbé mi kọjá ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀ kí ojú mi tó là.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kù, ẹ̀rù wọn sì ń bà mí. Wọ́n ti fún mi ní C lórí àròkọ kan, mo sì ti kọ ojú ìwé méjì láti fi hàn wọ́n pé máàkì náà kò tọ́. A jọ jiyàn fún bíi wákàtí kan, wọn kò sì yí i padà. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, wọ́n ní àfojúdi gbáà ni, kí n lọ tọrọ àforíjì. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ yìí náà ni mo wá lọ, wọ́n sì ti gbà kí n tó parí ẹ̀bẹ̀ mi.

Mo ń gbọ́ yín o. Ẹnì kan ń sọ pé, "Ṣé kò sí pásítọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ni? Ṣé ẹ kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n kankan nínú ẹbí?" A ní! Ọ̀jọ̀gbọ́n ẹbí wa rí mi kẹ́yìn nígbà tí mo ṣì ń gbé ìgò omi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Kí ni wọn yóò kọ, pé mo máa ń sunkún? MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá tó wà ní Massachusetts, sọ ọ́ kedere pé olùkọ́ ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì kan àti olùkọ́ èdè, ìtàn tàbí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kan ni àwọn fẹ́ gbọ́ láti ẹnu wọn. Ẹni tí ó rí ọ níbi tí ọ̀rọ̀ ti rú ọ lójú ni wọ́n ń wá, ipò ẹni náà kò kàn wọ́n.

Ẹlòmíràn ní, "Kí ló dé tí o fọwọ́ sí i pé o kò ní ka lẹ́tà náà, nígbà tí òfin fún ọ ní ẹ̀tọ́?" Òótọ́ ni, FERPA, òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1974 lórí àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti wo àkọsílẹ̀ nípa ara rẹ̀, fọ́ọ̀mù Common App sì ń béèrè bóyá o fi ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, nígbà tí ẹbí bá ń ṣe ìwádìí ilé tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ ìyàwó, ṣé wọ́n máa ń pe ọmọbìnrin náà kí ó wá jókòó ti aládùúgbò tí ó ń jẹ́rìí? Tí ó bá jókòó síbẹ̀, ta ni yóò gba ẹ̀rí náà gbọ́? Mo fọwọ́ sí i, títí di òní n kò mọ ohun tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi kọ, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Mo wá bi ọmọ àbúrò mi pé, "Nínú wọn, ta ni o ti bá jiyàn rí?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní òun yóò ronú sí i.

Ẹ jẹ́ kí n parí ti olùkọ́ kẹ́místírì. Ní ọ̀sẹ̀ tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde, nígbà tí gbogbo lẹ́tà ti lọ tipẹ́, mo na ọwọ́ sókè nínú kíláàsì wọn, mo sì béèrè ohun kan tí mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n fi ẹfun ìkọ̀wé sílẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ohùn rẹ nìyẹn?"