Medicine Lẹ Kọ, Anatomy Ni Wọ́n Fún Yín: Ṣé Kí Ẹ Jókòó Sílé Lọ́dún Kan?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá. Ọmọ kọ Medicine sórí fọ́ọ̀mù JAMB, ó ṣí CAPS, ojú ewé JAMB tí wọ́n ti ń wo àdìmíṣàn, Anatomy, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, ló bá níbẹ̀. Bàbá ní kó gbà á kó máa lọ. Ìyá ní ọmọ àwọn ará ilé kejì ti wọlé ní tiwọn. Ọmọ fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ jókòó sílé lọ́dún kan, kóun tún ìdánwò ṣe. Ta lọ̀rọ̀ tiẹ̀ tọ̀nà?

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí máàkì ti já lulẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n máa ń fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín ti Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ẹni tó gba 280 nínú JAMB, 35 ló dà. Tó bá gba 64 nínú Post-UTME, 32 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀, 67. Ká ní 70 ni wọ́n dúró sí lọ́dún náà, 3 ló kù. Kó tó rí 3 yẹn nínú JAMB, àfi kí máàkì rẹ̀ di 304. Nínú Post-UTME ńkọ́? Kó ti 64 bọ́ sí 70, ó parí. Síbẹ̀, JAMB ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó jókòó sílé ń fi gbogbo ọdún kà, wọ́n á wá fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sáré ka ti Post-UTME. Èyí máa ń bí mi nínú.

Ní Ifẹ̀ àti UNILAG, èsì WAEC wà nínú ìṣirò: 10 nínú 100 ní Ifẹ̀, 20 ní UNILAG. Ẹni tí C kún inú WAEC rẹ̀, ọdún yìí gan-an ló yẹ kó tún un ṣe, kó sì jókòó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí àwọn ilé ìwé kan kì í gba èsì méjì pọ̀ fún Medicine. Èsì WAEC kì í kú. Ti JAMB, ọdún kan ṣoṣo ló ń lò.

“Kó gba Anatomy, yóò yí i padà tó bá dé 200 level.” Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Àjọ MDCN, tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà, ló ń sọ iye ọmọ tí ilé ìwé ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè kọ́, nítorí náà àyè gbọ́dọ̀ ṣí kẹ́nì kan tó wọlé. Lójú tèmi, ẹni tó bá máa gba Anatomy, kó gbà á bí ẹni tó máa parí rẹ̀. Tó bá sì fẹ́ tún JAMB ṣe láti inú ilé ìwé, kó jẹ́ kí JAMB mọ̀, nítorí kò lè ní àdìmíṣàn méjì lọ́wọ́.

JUPEB, ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tó ń múni wọ yunifásítì, náà wà. Ọdún kan ni, Direct Entry sí 200 level ló ń gbé èèyàn lọ, àmọ́ àyè Medicine níbẹ̀ kò pọ̀, owó rẹ̀ sì ń dunni.

Ní ti ọdún tó ń lọ, ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni MBBS, oyè dókítà, housemanship, iṣẹ́ ìkọ́ra nílé ìwòsàn, ọdún kan, NYSC ọdún kan. Lọ́dún 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 February títí di 14 October: àwọn tó ti wọlé náà jókòó sílé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní àsìkò. Ẹni tó ti lé lógún ni kó ṣírò rẹ̀ dáadáa, torí NYSC kì í gba ẹni tó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tó kẹ́kọ̀ọ́ yege.

Ohun tó ń ba ọdún yẹn jẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ nìkan. Ọmọ tó wà nílé ni gbogbo ilé máa ń rán níṣẹ́: kó lọ sọ́jà, kó jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, kó lọ mú àbúrò nílé ìwé. Ẹ fún un ní wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é. Kọ̀ǹpútà ni kó sì fi máa dánra wò, kì í ṣe ìwé nìkan: ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́wọ́ ṣe dilẹ̀ báyìí, ẹ yẹ NIN rẹ̀ wò bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí bá ti WAEC mu, torí àtúnṣe rẹ̀ máa ń falẹ̀, fọ́ọ̀mù kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.