Orin Ń Rìn, Orúkọ Olórin Kì Í Bá A Lọ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olólùfẹ́ orin sọ ní Àkúrẹ́, tí mo tún tò fún ẹni tí kò lè wá.

Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́ Olóyèmẹ́kùn, ẹ̀yin Èkìmọ̀gún tí ẹ wọkọ̀ wá láti Òǹdó, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú fóònù yín jáde, kí ẹ ṣí ibi tí WhatsApp ń kó orin pamọ́ sí. Ẹ ó rí orin níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AUD, tí ọjọ́ tó dé tẹ̀ lé e, tí WA àti nọ́ńbà mìíràn wà nídìí rẹ̀. Ta ló kọ ọ́? Ẹ ti jó o níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, ẹ ò sì mọ ẹni tó ni ín. Ohun tí mo bá wá kò ju èyí lọ: orin olórin adádúró máa ń rìn jìnnà láàárín wa, orúkọ rẹ̀ la máa ń já sílẹ̀ lọ́nà.

Olórin adádúró ni ẹni tó ń fowó ara rẹ̀ wọ sítúdíò, tí kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó ń bá a bẹ rédíò tàbí tó ń lẹ fọ́tò rẹ̀ kiri òpópónà Oyèmẹ́kùn. Ẹ má rò pé ayé Audiomack, áàpù tí à ń gbọ́ orin lórí rẹ̀, ló bí irú wọn. Lọ́dún 1969 ni Haruna Ishola àti I.K. Dairo dá Star Records sílẹ̀, kí àwọn olórin lè ni ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde. Sunny Ade, tó jẹ́ ọmọ ọba Òǹdó, ja ìjà owó pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ń gbé e jáde, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970. Beautiful Nubia, dókítà ẹranko tó di olórin, ti ń gbé àwo rẹ̀ jáde lábẹ́ EniObanke, ilé iṣẹ́ orin tirẹ̀, láti ọjọ́ pípẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ ni àwo jùjú àtijọ́. Ojú àwo kan máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 18 sí 20, ọ̀pọ̀ olórin wa kì í sì í gé e sí wẹ́wẹ́. Wọ́n á fi oríkì bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bọ́ sí ìmọ̀ràn, gìtá á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, orin mẹ́ta mẹ́rin á ti wọnú ara wọn kí abẹ́rẹ́ tó dé àárín. Orlando Owoh, tí ìran rẹ̀ ti agbègbè Ọ̀wọ̀ wá, mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ẹ ò lè fi ìdajì ìṣẹ́jú dá irú àwo bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n ìdajì ìṣẹ́jú ni ayé tuntun ń lò. Spotify, áàpù orin mìíràn tó wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021, máa ń ka orin sí gbígbọ́ tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá ti gbọ́ ọ dé ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹni tó gbọ́ odindi ojú àwo ìṣẹ́jú 18 tí wọ́n gbé síbẹ̀ bí orin kan ṣoṣo, àti ẹni tó gbọ́ orin oníṣẹ́jú méjì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kà fún wọn. Ẹ̀yin àgbà tó ń bú àwọn ọmọ pé orin wọn kúrú, ẹ rọra o, ìṣirò ló gé e kúrú. Láti ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kì í gba kọ́bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wá wo ọmọkùnrin kan ní Ìjàpó tí èèyàn 200 ní orin rẹ̀ lórí fóònù gẹ́gẹ́ bí AUD. Ká ní línkì Spotify ni wọ́n fi ránṣẹ́, kí kálukú gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀márùn-ún péré, ó ti pé 1,000. Bí fáìlì ṣe lọ yẹn, kò sẹ́ni tó kà á.

Báwo la ṣe ń rí irú orin bẹ́ẹ̀? Áàpù kì í sábà mú un wá fún yín. Ohun tí ẹ ti gbọ́ rí ló ń wò, á sì mú ohun tó jọ ọ́ wá; orin tí ẹnì kankan kò tíì gbọ́, kí ni yóò fi mọ ohun tó jọ? Èmi máa ń tọ orúkọ lẹ́yìn. Bí gángan inú orin kan bá dùn mọ́ mi, mo máa ń wádìí ẹni tó lù ú, kí n tún wá ibòmíràn tó ti lù. Rédíò ṣì wúlò: bí Adaba tàbí rédíò FUTA bá fi orin kan tí ẹ ò mọ̀, ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè. Lórí Bandcamp, ìkànnì tí olórin ti ń ta orin rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ lè fi orúkọ ìlú wá orin, ẹ sì lè rí ohun mìíràn tí àwọn tó ra àwo kan rà. Ti dátà kò le tó bí ẹ ṣe rò: orin tí wọ́n fi ìwọ̀n 128 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan gbé síbẹ̀ máa ń jẹ nǹkan bíi megabyte kan ní ìṣẹ́jú kan. Àwo ìṣẹ́jú 40 kò ju megabyte 40 lọ. Fídíò ló ń jẹ dátà yín.

Ọ̀nà tí à ń gbà pín in ló ń bí mi nínú. “Ẹ bá wa tì í lẹ́yìn, ọmọ ìlú wa ni.” Wọ́n á ju línkì mẹ́wàá sínú gúrúùpù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kankan kò ní tẹ ọ̀kan. Àánú kì í mú èèyàn gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ mú orin kan, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ẹ mọ etí rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ olórin, ẹ kọ orúkọ àwo, kí ẹ sọ ibi tó yẹ kó dúró sí: “Ìṣẹ́jú kejì, ibi tí fèrè ti wọlé.” Ẹ sì ti gbọ́ àwo náà tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́, bí olórin ṣe tò ó.

Nígbà ìbéèrè, ẹnì kan bi mí bóyá kéèyàn ra àwo lórí Bandcamp dára ju. Ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni Bandcamp ń mú lórí orin tí olórin tà níbẹ̀, owó tó ṣẹ́ kù sì dára ju ti gbígbọ́ lásán. Ṣùgbọ́n PayPal, ilé iṣẹ́ tó ń fi owó ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń gbé owó náà, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àkáǹtì PayPal Nàìjíríà kò fi lè gba owó wọlé. Bí olórin náà bá wà nítòsí, ẹ gba nọ́ńbà báǹkì rẹ̀.

Ìyá kan tó ń kó orin sí mẹ́mórì káàdì fún àwọn oníbàárà ní Arákàlẹ̀ wá dìde. “Ọ̀gá, ṣé kí n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa ni?” Mo ní rárá o, Mà, ibi tí ẹ wà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbọ́ orin tuntun. Kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń kọrin ládùúgbò, kí ẹ má pa orúkọ wọn rẹ́ lára fáìlì, kí ẹ sì lẹ orúkọ náà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù yín pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Ó béèrè pé èló làwọn olórin náà máa san fún ògiri. Mo ní kò yẹ kí wọ́n san kọ́bọ̀, kí òun máa gba owó káàdì òun bó ṣe ń gbà á. Ó ní òun á lọ rò ó.