Ọ̀rọ̀ Tí Yuu Gbé Mì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ létí odò. Wọ́n to òkúta sínú omi, kéèyàn lè máa gbẹ́sẹ̀ lé e níkọ̀ọ̀kan sọdá. Nanami Touko àti Koito Yuu wà níbẹ̀, ọmọ girama ni àwọn méjèèjì. Yuu ń pe Touko ní "senpai", bí ọmọ tiwa ṣe ń pe síníọ̀ rẹ̀. Apá kẹfà "Yagate Kimi ni Naru" nìyí, anime, ìyẹn eré alàwòrán ilẹ̀ Japan, tí ilé iṣẹ́ Troyca ṣe lọ́dún 2018 láti inú ìwé alàwòrán Nakatani Nio.

Ẹ̀gbọ́n Touko ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, Touko sì ti sọ ara rẹ̀ di ẹ̀gbọ́n náà látìgbà yẹn. Yuu bẹ̀ ẹ́ pé kó yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Touko ní ikú yá ju kóun máa jẹ́ ara òun lọ. Touko ti sọ fún Yuu tipẹ́ pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yuu ló wá ní ìfẹ́ tirẹ̀ lọ́kàn báyìí, ó sì gbé e mì.

Àwọn kan ń sọ pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ nínú apá yìí. Wọn ò fetí sílẹ̀ ni! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Yuu gbé mì náà: "suki", ìyẹn "mo fẹ́ràn". Àwọn ará Japan ń lò ó fún oúnjẹ, wọ́n ń lò ó fún èèyàn, bí àwa náà ṣe fẹ́ràn àmàlà tá a sì tún fẹ́ràn ọmọ lágbájá. Létí Touko, okùn tó ń de èèyàn ni. Ẹni tó bá ní "mo fẹ́ràn rẹ bó o ṣe rí yìí" ti sọ pé lọ́jọ́ tó o bá yí padà, ó parí nìyẹn. Yuu mọ̀ pé bóun bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, Touko á sá. Ìdákẹ́ rẹ̀ ló fi di ọwọ́ Touko mú. Mo ti ń wí i tipẹ́, mi ò sì ní yéé wí i: ìfẹ́ ló pa Yuu lẹ́nu mọ́, kì í ṣe ìtìjú.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí olùdarí rẹ̀, Katō Makoto, ṣe lo àwọn òkúta yẹn, àmọ́ aago ti ń lé wa.

Arábìnrin kan láàárín àwọn tó ń gbọ́ mi wá dìde lẹ́yìn. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Ṣé gbogbo ọmọbìnrin tó dákẹ́ ni ìfẹ́ pa lẹ́nu mọ́?"

Rárá, àbúrò mi. Nígbà míì, ayé ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Yoshiya Nobuko, òǹkọ̀wé obìnrin ará Japan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "Hana Monogatari" lọ́dún 1916, ìtàn àwọn ọmọbìnrin tí ọkàn wọn fà síra. Láyé ìgbà náà, ohun tí wọ́n retí ni pé kí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ parí síléèwé, kí oníkálukú lọ sílé ọkọ. Yoshiya ò lọ. Ó pàdé obìnrin kan, Monma Chiyo, lọ́dún 1923, wọ́n sì jọ gbé. Òfin ò gbà kí wọ́n fẹ́ra, ni Yoshiya bá gba Chiyo ṣọmọ lọ́dún 1957. Okùn tí Touko ń sá fún yẹn gan-an ni àwọn méjì yìí ń wá, ohun tí wọ́n sì rí gbà níwèé ìjọba ni ìyá àti ọmọ.