Àpò Ọta Tí Wọ́n Fi Awọ Ṣe: Ẹ Wo Inú Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Náwó

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń ta ohun àtijọ́ sọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó nìyí.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́. Ní Èkó wa níbí, bí àpò awọ bá ti dúdú, tó gan, tó sì ní bọ́tìnnì idẹ, ọlọ́jà á ní ogun Kíríjì ni wọ́n fi jà. Ó dùn létí, torí àwọn ọmọ Èkìtì tó wà l'Ékòó ló ń fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé nígbà ogun yẹn, láàrin 1877 sí 1893. Ṣùgbọ́n ẹ fi dúdú sílẹ̀. Kíwì lásán lè sọ àpò àná di dúdú. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀.

Ìbọn ló ń pàṣẹ fún àpò. Ọta Snider, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1866, sanra, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń kì í bọ ìbọn. Nígbà tó di 1903 ni wọ́n gbé ìgbànú àgbékọ́rùn oní àpò kéékèèké jáde fún ọta .303, ti ìbọn àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn: àpò kan gba ọta 10, márùn-ún-márùn-ún lórí páànù tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá mú irú ìyẹn wá pé ti Kíríjì ni, ogun ti parí lọ́dún mẹ́wàá kí wọ́n tó rán an. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ kọjá lọ.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni ti Japan, tí àwọn bàbá wa tó lọ jagun ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì lè mú bọ̀ wálé. Ẹ rántí pé ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn ìpín (division) 81 àti 82. Mẹ́ta ni àpò sójà Japan kan. Méjì wà níwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ọta 30. Ẹ̀kẹta, tó tóbi jù, wà lẹ́yìn ìbàdí, ó gba 60. Ẹ yí ti ẹ̀yìn yẹn wò lẹ́gbẹ̀ẹ́: ibẹ̀ ni wọ́n ń so ìgò òróró ìbọn mọ́. Ìgò náà lè ti sọnù, ṣùgbọ́n awọ tó dì í mú á ṣì wà níbẹ̀, tàbí ojú ihò òwú rẹ̀. Ẹ má sì pe èyí tó jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà pa ní ayédèrú. Nígbà tí ogun ń lọ sópin ni awọ wọ́n wọn.

Ó ku òǹtẹ̀. Ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọfà kékeré tó kọjú sókè. Ọ̀pọ̀ àpò tún ní orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọdún nínú ìdérí. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú mọ èyí, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí awọ bá ti sán, ojú sísán yẹn á gba àárín òǹtẹ̀ àtijọ́ kọjá, á pín lẹ́tà sí méjì. Bí òǹtẹ̀ bá jókòó sórí ibi tó ti sán, tí etí rẹ̀ mú ṣáṣá, ẹnìkan ló tẹ̀ ẹ́ láìpẹ́ yìí. Ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.